Ta ló mọ ibi tí èsì ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá ayé òyìnbó wà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo rí ẹ̀dà pẹtísọ̀n kan nínú àpótí bàbá bàbá mi, 1936 ló wà lórí ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí D.O. (District Officer, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè) ní Ìjẹ̀bú-Òde pé kọnsítébù kan gba adìyẹ mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá wọn lọ́jà, ó tún fọ́ ìyá létí, bébà yẹn ti pọ́n bí ẹ̀wù ẹlẹ́pò, àtàǹpàkò bàbá ṣì hàn nísàlẹ̀, àmọ́ ibi tí nọ́ńbà ọlọ́pàá yẹn wà gan-an ni ikán jẹ (ikán ò ríbòmíì jẹ!).

Mo ti lọ sí National Archives nínú Yunifásítì Ìbàdàn, ọjọ́ méjì ni mo fi tú fáìlì Ije Prof (ìwé ọ́fíìsì ìjọba òyìnbó fún Ìjẹ̀bú Province), mi ò rí èsì kankan. Bọ́dà kan wá ní ó lè má jẹ́ ọlọ́pàá ìjọba Nàìjíríà, tí wọ́n da ti Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ẹyọ kan ní 1930 yẹn o, pé ó lè jẹ́ akódà Native Authority (ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ọba), torí àwọn méjèèjì jọ wà nígbà yẹn ni.

Tó bá jẹ́ akódà, ṣé ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀ àti ìgbìmọ̀ ẹ̀ ni D.O. á ju ẹjọ́ yẹn sí, àbí ó máa gbọ́ ọ fúnra ẹ̀? Fáìlì wo gan-an ni kí n ní kí wọ́n gbé fún mi?