Jet boat mi gun òkúta wẹ́wẹ́, kò sáré mọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa jet boat (ọkọ̀ ojú omi tó máa ń fa omi sínú, táá sì tú u jáde lẹ́yìn kó lè sáré), ẹ gbà mí o. Odò Salmon ní Idaho, ní Amẹ́ríkà níbí la wà, omi ti fà gan-an, ọkọ̀ bá gun òkúta wẹ́wẹ́ níbi tómi ò ti tó orúnkún. A ti tì í kúrò, abẹ́ ẹ̀ ò lu, àmọ́ látìgbà yẹn tí mo bá fún un níná ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké ni, ọkọ̀ ò ní sáré, ó tún ń gbóná. Mo ti yọ òkúta tó há síbi tó ń fa omi, etí impeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí, tó ń ti omi jáde) ti rí jágajàga. Ṣé kí n fi fáìlì rẹ́ ẹ ni àbí kí n pààrọ̀ òun àti wear ring (òrùka tó yí i ká) pọ̀? Gbígbóná yẹn ńkọ́, ṣé yanrìn ló dí ọ̀nà omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù? Àwọn ọmọ mi ń wọ ọkọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn.