Ọjọ́ tí mo mú bàbá mi lọ sí Ilé Kòkó: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Apòmù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ Ilé Kòkó, ilé gíga tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, ni mo gbé wá, òun àti móòlù tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí nǹkan níbẹ̀, kó wá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu wọn pé "àwa la kọ́ Ilé Kòkó," bẹ́ẹ̀ wọn ò débẹ̀ rí. Ìbàdàn tí wọ́n mọ̀ ò kọjá Ìwó Road tí mọ́tò ti ń já èrò. Ní 2016, lẹ́yìn tí mo rí iṣẹ́ síbí, mo ní kí wọ́n wá kí mi. Wọ́n ra dòdò Ìkirè lọ́nà, wọn ò sì gbà kí n bá wọn gbé e. Wọ́n gbé e wọ móòlù bẹ́ẹ̀, epo ti ń rin ọ̀rá, ọmọge kan tó wọ aṣọ funfun ń yà fún wọn láti ọ̀ọ́kán.

Shoprite ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Mo mú wọn lọ síbi tí wọ́n to ṣokoléètì sí. "Kí lèyí?" Mo ní kòkó ni, Bàbá. Wọ́n gbé e sí imú, wọ́n yí i padà, wọ́n tún gbé e sí imú. A ra ẹyọ kan. Ìta ni wọ́n ti já a, wọ́n bù ú sẹ́nu, wọ́n lá ètè, wọ́n ní: "Ṣúgà nìyí. Kòkó ibẹ̀ dà?"

Ẹ̀rín pa mí. Wọ́n wá bi mí ní iye tí mo rà á. Mo sọ, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn láyé ọjọ́un. Iye tó bá dá lé e ni wọ́n ń gbà. Bí kòkó bá wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ nílùú òyìnbó, èrè orí rẹ̀ ò dé oko, ọwọ́ bọ́ọ̀dù ló ń dúró sí. Bàbá fi ọ̀pá nàka sókè sí Ilé Kòkó: "Owó tí wọn ò san fún wa ló dúró yẹn."

Èmi tí mo rò pé inú wọn máa dùn! Mo rán wọn létí pé owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Wọ́n ní lóòótọ́, àbúrò àwọn jẹ níbẹ̀, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n wọn ò mójú kúrò lára ilé náà.

Ìyá Ìbejì:
Bàbá yín gbọ́n. Èmi ò bá iná ibẹ̀, lẹ́yìn iná ni mo dé Dùgbẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 1985 ló jó. Àǹtí mi ń ta ẹ̀pà nítòsí ibẹ̀, èmi ni mo ń bá wọn wọ̀n ọ́n tí mo bá ti ilé ìwé dé. Òkè dúdú, fèrèsé là sílẹ̀ bí ojú òkú. Àǹtí ní n má máa wò ó lálẹ́. Ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ ni aago wa! Tó bá ti bo igbá ẹ̀pà wa, ó ti tó ká máa palẹ̀ mọ́. Ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Nígbà náà, mo ti wà nílé ọkọ.

Àgbà Ìjẹ̀bú:
Mo kí yín o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń pariwo ilé gíga. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, kò sí irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: àjà 26, mítà 105. Àmọ́ láti 1979 tí wọ́n ti parí NECOM House l'Ékòó, tó tó mítà 160, ẹ ti bọ́ sẹ́yìn. Ohun tí mo fi ń gbóríyìn fún Ilé Kòkó ni pé bí mo bá ṣìnà ní Ìbàdàn, mo máa ń wá ibi tó ga díẹ̀, mo máa ń wò ó, mo sì máa ń mọ apá ibi tí Dùgbẹ̀ wà.

Sísí Èkó:
Ilé gíga kẹ̀? Ẹ máa ṣe jẹ́jẹ́ o. Nínú ọ̀kan l'Ékòó tí n kò ní dárúkọ, lífìtì há mọ́ èmi àti ọkùnrin kan tó gbé kúlà àmàlà dání. Ogójì ìṣẹ́jú! Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí i, a ti jẹ oúnjẹ ọ̀gá ẹ̀ tán. Ó ní kí n bá òun wá lọ ṣàlàyé, mo sá.

Àgbà Ìjẹ̀bú:
Háà, Sísí! Ọmọ Apòmù, ṣé Bàbá gun òkè ṣá?

Ọmọ Apòmù:
Rárá, sà. Wọ́n ní ìgbà tí orúnkún àwọn ṣì gbà ló yẹ kí àwọn ti wá. Mo ní lífìtì wà, wọ́n ní àwọn ò bá a jà. Wọ́n kàn dúró sí ìta, wọ́n ń fi ọ̀pá ka àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, dírẹ́bà tó fẹ́ gbé wa ń fọn fèrè kíkankíkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́tàlélógún, ìkejì jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n ní méjìdínlọ́gbọ̀n ni àwọn máa sọ nílé. Mi ò já wọn nírọ́.