Ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti lè jẹun lọ́nà Ìkòyí-Ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ìhà Ìkòyí-Ilé lọ́jọ́ Sátidé, ká gba ọ̀nà oko. Oúnjẹ ló ń kọ mí lóminú.

Nígbà tá a rìn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, omi wa tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tá a rí, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Oní-ṣọ́ọ̀bù ti lọ ná ọjà. Ìyá àgbà kan ló bu omi fún wa látinú àmù, omi tútù nini, òórùn èéfín ṣì wà lára igbá náà. Ìyá kọ̀, wọn ò gbowó. Mi ò lè gbàgbé wọn láéláé.

Ọgbẹ́ inú ń bá ẹ̀gbọ́n mi fínra, ebi ò gbọdọ̀ pa wọ́n. Abúlé wo la ti lè rí àmàlà gbígbóná kó tó di aago 12, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ ò pọ̀? Àbí ká kúkú di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání? Àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà ńkọ́, ibo ni wọ́n máa ń jókòó sí? Ẹ sì bá mi sọ ibi tí omi kànga tó mọ́ wà, torí mi ò fẹ́ ká mu omi odò.