Reactive control sọ bọ́ì mi di onígbèsè: ṣé kóòdù ni àbí ẹ̀rọ?

Ọmọ_Ìgbì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń fi WEC-Sim, ètò kọ̀ǹpútà fún ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbì òkun di iná, dán bọ́ì kan (ohun tó ń léfòó lórí omi) wò. Ó rí bí ìdajì bọ́ọ̀lù, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 5. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ wọnú omi tó pa rọ́rọ́, tí mo sì fi í sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3.2 ló fi ń lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan. Ìgbì tí mo fi ń dán an wò, ìṣẹ́jú àáyá 8 ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì.

Damping lásán (kí ẹ̀rọ kàn máa fa bọ́ì sẹ́yìn bó ṣe ń rìn, kó sì fi ìyẹn ṣe iná) ń mú iná díẹ̀ wá. Mo gbé reactive control wọlé (kí ẹ̀rọ tún máa ti bọ́ì nígbà mìíràn), agbára ga fíofío. Àfi ìgbà tí mo wá fi àdánù ẹ̀rọ kún un, tí mo ní kí ó máa ṣiṣẹ́ ní 80%. Àròpọ̀ iná já sí ìsàlẹ̀ òdo! Ṣé kóòdù ló ní àléébù ni?

Onípọ́ńpù
Kóòdù rẹ kò ṣe nǹkan kan, àbúrò.

Ohun tí a ń wá ni pé kí bọ́ì sáré jù lásìkò gan-an tí ìgbì ń tì í jù. Bọ́ì tìrẹ kéré, ara rẹ̀ yá ju ìgbì lọ, omi ló kàn ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Reactive control máa ń fi tipátipá mú un bá ìgbì mu: á gba agbára lọ́wọ́ omi, á tún dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà láti fi ti bọ́ì, gbogbo rẹ̀ láàárín ìgbì kan ṣoṣo.

Ká ní ó gba 10, ó dá 8 padà. Èrè 2. Fi 80% sí i wàyí: 10 tó gbà di 8 kó tó dé ọwọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ kó tó lè fún omi ní 8, àfi kó ná 10. Èrè 2 ti di gbèsè 2. Ká tiẹ̀ ní 90% ni, wàá rí 9 gbà, wàá ná bíi 8.9. Kí ló kù?

80% yẹn gan-an, o ṣàánú ẹ̀rọ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń tú pọ́ńpù háídírọ́líìkì. Bí ọ́ìlì tó ń gbé bá kéré ṣùgbọ́n tí ìfúnpá ṣì ga, èyí tó ń jò nínú lọ́hùn-ún kì í dín kù. Iṣẹ́ dín kù, jíjò ò dín kù. Nítorí náà, má lo iye kan ṣoṣo fún gbogbo ẹrù.

Lọ wo latching (kí a di bọ́ì mú fún ìgbà díẹ̀, ká tó tú u sílẹ̀), èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì Budal àti Falnes ṣiṣẹ́ lé lórí ní Norway ní àwọn ọdún 1970. Bíréèkì ló ń lò, kì í yá omi lágbára.

Ìyá_Ìṣirò
Kí o tó kúrò níbẹ̀: báwo ni bọ́ì yẹn ṣe ga sókè tó nígbà tí agbára ga fíofío? Mítà 2.5 péré ló wà nínú omi. Tó bá fi ju ìyẹn lọ kúrò níbi tí omi wà, ó ti fò jáde nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìṣirò linear (èyí tó gbà pé bọ́ì kò rìn jìnnà sí ibi tó wà) ò mọ̀, á ṣì máa ka agbára fún ẹ. Fi òpin sí bó ṣe lè rìn jìnnà tó.

Ọmọ_Ìgbì
Ẹ ṣeun mà. Mo wò ó, ó ń fò lóòótọ́ 😅 Ẹ̀gbọ́n Onípọ́ńpù, ìgbà wo ni kí bíréèkì dì í mú, ìgbà wo ni kó tú u sílẹ̀?

Onípọ́ńpù
Dì í mú nígbà tó bá dúró, lókè tàbí nísàlẹ̀. Fún ìgbì tìrẹ, yọ 3.2 kúrò nínú 8, pín in sí méjì: nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2.4 ni wàá fi dì í mú. Tú u sílẹ̀ nígbà tó bá ku bíi 0.8 kí ìgbì tó tì í jù lọ, torí ìdá mẹ́rin 3.2 nìyẹn.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ìgbì òkun gidi kì í dọ́gba, o sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí títì yẹn máa ga jù kó tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń fi sẹ́ńsọ̀ síwájú bọ́ì, àwọn kan ń fi ìgbì tó ti kọjá sọ èyí tó ń bọ̀. Tó bá ṣì sọ, bọ́ì á jáde lásìkò tí kò yẹ, damping lásán á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn jù ú lọ. Nítorí náà, kọ́kọ́ jẹ́ kí damping máa yí padà ní ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí bí òkun ṣe ń yí. Ìyẹn ni kí o fi wọn àwọn yòókù.

Bíréèkì náà ò ní í rọrùn, torí gbogbo agbára tí ìgbì fi ń ti bọ́ì ló máa gbà sára. Kọ èyí tó ga jù tí WEC-Sim fún ẹ síbí, ká jọ wò ó bóyá bíréèkì tó lè gbé e wà.