write() ní òun ti kọ ọ́, iná lọ, ọjà tá a tà gbẹ̀yìn pòórá

ọmọ_ọ̀ṣun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo fi C kọ ètò kékeré kan fún ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin l'Óṣogbo. Ọjà tí wọ́n bá tà, ìlà kan ni nísàlẹ̀ tita.log: mo fi O_APPEND ṣí fáìlì náà, mo pe write(), mo sì ń yẹ èsì rẹ̀ wò. Iye báìtì tí mo fún un náà ló ń dá padà. Síbẹ̀, bí iná bá lọ lójijì (bátìrì inverter wọn ti kú), a kì í bá àwọn tí wọ́n tà gbẹ̀yìn níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fojú olè wo ọmọ tó ń bá a tajà. Èyí tó wá ń rú mi lójú: mo fi kill -9 pa ètò náà, ìlà kankan ò sọnù. Ubuntu (irú Linux kan) ni, ext4 ló fi ń to fáìlì sórí díìsìkì. Àbí díìsìkì ló ti ń bàjẹ́?

kóòdù_òru:
Fi fflush() sí i. Ó ṣiṣẹ́ fún èmi.

bàbá_kernel:
Fflush kọ́ o. Bọ́fà stdio inú ètò (ibi tí C ti ń kó ohun tá a fẹ́ kọ jọ ná) ni fflush ń kó jáde fún kernel (ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ), ibẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí. Ẹni tó béèrè ò tilẹ̀ lo stdio.

Àbúrò, díìsìkì rẹ ò ṣe nǹkan kan. Kill -9 yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ lóhùn tán. Bí write() bá ti dáhùn, kernel ti da báìtì rẹ kọ sínú page cache, mẹ́mórì ni. Ètò rẹ kú, kernel wà láàyè, ó gbé e dé díìsìkì. Iná ní tirẹ̀, kernel gan-an ló ń pa.

Ta ọjà kan, kí o tètè tẹ `grep Dirty /proc/meminfo`. Ohun tí kò tíì dé díìsìkì lo ń wò yẹn. Wá tẹ `cat /proc/sys/vm/dirty_expire_centisecs`: bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì yí i padà, 3000 ni, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 30. Ohun tí wọ́n bá tà láàárín ìgbà yẹn, ọwọ́ iná ló wà. Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Pe fdatasync(fd), tó ń fipá mú kernel kọ fáìlì náà dé díìsìkì, lẹ́yìn write(), má sì tẹ rìsíìtì títí yóò fi dá 0 padà. Kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí mtime (àkókò tí wọ́n yí fáìlì padà gbẹ̀yìn) bíi fsync tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n tí fáìlì bá gùn sí i, ó ń kọ gígùn tuntun náà sílẹ̀. Wọ́n á ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni, fún ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ń wọlé fún. Ṣọ́ọ̀bù oògùn wo ló ń tajà báyẹn?

Tó bá wá dá EIO (àṣìṣe kíkà tàbí kíkọ) padà, má tún un pè kí o máa yọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kejì dá 0. Ní 2018 ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná láàárín àwọn tó ń ṣe PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà): bí ìkọ̀wé bá kùnà, Linux lè sọ àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kan, kó sàmì sí page yẹn (ègé kan nínú page cache) pé ó ti mọ́, bí ẹni pé ó ti dé díìsìkì, kí ìpè kejì sì lọ geere láìsí dátà lórí díìsìkì. Látìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe, bí fsync bá kùnà, PostgreSQL á dáwọ́ dúró, á lọ tún nǹkan ṣe láti inú WAL (àkọsílẹ̀ àyípadà tó ti kọ sílẹ̀ ṣáájú). Ìwọ náà, dá ètò dúró kí o pariwo lójú skrín.

ọmọ_ọ̀ṣun:
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Fáìlì iye owó ọjà ńkọ́? O_TRUNC ni mo fi ń nu ún kí n tó tún gbogbo rẹ̀ kọ.

bàbá_kernel:
Há! Tí iná bá lọ láàárín méjì ńkọ́? Kọ ọ́ sí iye.tmp nínú fódà kan náà, fsync rẹ̀, kí o wá rename() rẹ̀ sórí iye.txt. Ẹni tó bá ṣí i á bá ti àná tàbí ti òní lódindi. Lẹ́yìn náà, ṣí fódà yẹn fúnra rẹ̀, kí o fsync òun náà, kí orúkọ tuntun náà lè dé díìsìkì. Ibẹ̀ lẹ ti sábà máa ń fò ó. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dá tita.log sílẹ̀, ohun kan náà ni.

kóòdù_òru:
Bí iná bá lọ nígbà tí ìlà kan ṣì kọ dé ààbọ̀ nínú tita.log ńkọ́?

bàbá_kernel:
Fi checksum (nọ́ńbà tá a ṣírò láti inú ìlà náà) sí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ètò bá ń tàn, kó ka fáìlì náà, kó fi ftruncate() gé ìlà tó gbẹ̀yìn tí checksum rẹ̀ kò bá bára mu.