Lórí “ògo òwúrọ̀”: àbá tèmi ni ajítanná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá yín lánàá pé ká máa pe òdòdó tí ń lọ́ mọ́ ọgbà yìí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní morning glory, ní “ògo òwúrọ̀”. Ẹ má bínú, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí èèyàn bá gbọ́ “ògo òwúrọ̀” ní Kétu níbí, àdúrà ni yóò rò pé ẹ ń gbà fún òun, “àmín” ni yóò ṣe.

Lára páálí irúgbìn tí mo rà ní Àjàṣẹ́, volubilis ni Faransé pè é: bó ṣe ń lọ́ mọ́ nǹkan ni wọ́n wò. Àwọn ará Jàpáànù ń pè é ní asagao, “ojú òwúrọ̀”. Oníkálukú fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Kí ló dé tí àwa ó fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó?

Mo gbìn ín lọ́dún yìí. Èèpo kóró rẹ̀ le gan-an. Mo fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan díẹ̀, mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí n tó rì í sínú ilẹ̀, kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ọjọ́ keje ló hù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tanná, mo jókòó tì í kílẹ̀ tó mọ́. Ó wé pọ̀ bí agboòrùn tí wọ́n pa dé, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń tú díẹ̀díẹ̀, bó sì ṣe ń tú ló ń di àwọ̀ ojú ọ̀run. Nígbà tí mo jẹun ọ̀sán tán, ó ti rọ.

Ìyá mi wò ó, wọ́n ní: “Àlùkerese mà nìyí.” Wọn ò ṣìnà. Ìbátan ni wọ́n, kúkúndùnkún pàápàá wà nínú ẹbí náà. Àmọ́ mi ò fẹ́ ká fún un lórúkọ yẹn. Àwọn àgbà ń já àlùkerese oko fún oògùn, kóró ti ọgbà yìí sì ní májèlé nínú. Ọmọ tí wọ́n bá rán lọ já àlùkerese lè gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá.

Ohun tí ewé ń ṣe la sábà fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo patanmọ́, tí ń pa itan mọ́ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ẹ wo tannápoṣó, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń tanná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ajítanná: ó jí, ó tanná. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pa pọ̀ yóò mọ èyí tí àárọ̀ ni àti èyí tí alẹ́ ni.

Àbúrò kan ní ajítanná lè jẹ́ ẹni tó jí, tó tan àtùpà. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sì burú. Inú “tan iná” náà kúkú ni ìtànná ti wá.

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, kí lẹ ń pè é lọ́dọ̀ yín? Bí àwọn àgbẹ̀ yín bá ti ní orúkọ kan fún un, mo ṣe tán láti fi tèmi sílẹ̀.