Ìyá mi ṣubú, ẹsẹ̀ wọn kò wú: ṣé eegun lè ṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín:
Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Láàárọ̀ yìí ni ìyá mi, tí wọ́n ti lé ní ọdún 70, yọ̀ ṣubú ní ilé ìwẹ̀ níhìn-ín ní Ọ̀fà. Wọn kò lè dìde, wọ́n sì ní ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ń dun àwọn gidigidi. Ẹsẹ̀ náà kò wú, wọ́n sì lè mi ọmọ ìka rẹ̀, nítorí náà àwọn aládùúgbò ní ó kàn rọ́ ni, pé kí a fi òrí wọ́ ọ. Ọkàn mi kò balẹ̀. Àmì wo ni kí n wò?

Nọ́ọ̀sì ará Tánkẹ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Ọwọ́ tàbí ojúgun tó bá ṣẹ́ sábà máa ń wú, a sì lè rí i pé ó tẹ̀, ṣùgbọ́n òkè eegun itan, nítòsí ìbàdí, wà lábẹ́ ẹran tó nípọn, ó sì lè ṣẹ́ kí ojú má rí nǹkan kan lára awọ. Ti ọmọ ìka tí wọ́n ń mì kò jámọ́ ẹ̀rí, nítorí ìsàlẹ̀ orúnkún ni iṣan tó ń fà á wà.

Ẹ jẹ́ kí màmá dùbúlẹ̀, kí ẹ wo gìgísẹ̀ méjèèjì. Bí ti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n bá ga ju èkejì lọ, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà kúrú, tí ọmọ ìka rẹ̀ sì kọjú síta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé eegun ti ṣẹ́. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ṣì lọ ya fọ́tò X-ray, nítorí eegun mìíràn máa ń sán láìkúrò ní àyè rẹ̀.

Ará Òmù-Àrán:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Nígbà tí bàbá mi ṣubú, orúnkún ni wọ́n ní ó ń dun àwọn, orúnkún náà ni a sì ń tọ́jú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ni ó ṣẹ́. Mo ṣì ń kábàámọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, kí ẹ fi ìró so wọ́n pọ̀ láìfún un jù, kí wọ́n sì dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbé wọn sórí ọ̀kadà rárá. Bí ọmọ ìka bá tutù lójú ọ̀nà, ẹ dẹ ìró náà. Ẹ má sì fún wọn ní oúnjẹ, nítorí ó lè di iṣẹ́ abẹ.

Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ga ju ti òsì lọ, ìka rẹ̀ sì kọjú síta gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí. A ti so ẹsẹ̀ náà, ọkọ̀ sì ti dé. Ilé ìwòsàn Yunifásítì tó wà ní Òkè-Oyì ni a ń gbé wọn lọ.